Ìgbà tó o bá jọ̀wọ́ okùn ni ẹṣin ń kọ́ ẹ̀kọ́

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe tíṣà ní Mọ́pà ló pè mí lórí fóònù, ó ní bàbá òun máa joyè lóṣù Kejìlá, òun sì fẹ́ gun ẹṣin wọ àárín ìlú lọ́jọ́ náà, ó mọ̀ pé mo ní ẹṣin kan níbí ní Kàbà, ṣé mo lè kọ́ òun. Mo ní kò burú, kó máa bọ̀. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ló máa gbà, mo ní ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó o tó gorí ẹ̀, ló bá dákẹ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká máa ṣe kí ni? Mo ní ká máa dúró nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó wá ní òun ti wo fídíò òyìnbó kan, ọkùnrin náà kàn dúró lójú kan, kò fa okùn, kò na pàṣán, ẹṣin sì ń tẹ̀ lé e káàkiri bí ajá, òun rò pé oògùn ni, àbí wọ́n ti fún ẹṣin yẹn ní nǹkan jẹ, ṣé irú ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́ òun?

Irú ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí torí kì í ṣe òun nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun táwọn òyìnbó ń pè ní natural horsemanship, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ẹṣin bíi ti inú fídíò yẹn, àwọn kan rò pé èèdì ni, àwọn kan sì rò pé ìkẹ́ lásán ni, pé kó o máa fọwọ́ pa ẹṣin lórí, kó o máa fún un ní kárọ́ọ̀tì, kó o má fipá kàn án rárá, ó máa fẹ́ràn ẹ, ó sì máa ṣe ohun tó o fẹ́. Méjèèjì kọ́. Kò sí oògùn níbẹ̀, kì í sì í ṣe ìkẹ́ lásán. Ó ní bó o ṣe ń ti ẹṣin, ó sì ní ìgbà tó o máa fi í sílẹ̀, gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ wà nínú ìgbà tó o fi í sílẹ̀ yẹn. Bí èèyàn bá gba gbólóhùn yìí, ìyókù á yé e, bí kò bá gbà á, kó wo fídíò títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ká kọ́kọ́ sọ irú ẹran tí ẹṣin jẹ́ ná. Ẹṣin kì í pa ẹran jẹ, òun ni wọ́n ń pa jẹ. Ó tóbi o, ó lágbára, tó bá ta èèyàn nípàá ó lè pa á, ṣùgbọ́n nínú orí ẹ̀ ó dà bí ìgalà, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá níbikíbi tó bá dé ni ọ̀nà tó máa gbà sá. Ẹ wo ojú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ orí ló wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀kan lápá òsì, tá a bá pín àyíká rẹ̀ sí 360 digírì, ó ń rí bí i 350 nínú ẹ̀ láì yí ọrùn. Ibi méjì péré ló ṣókùnkùn sí i, iwájú orí ẹ̀ gan-an níbi tí imú ò jẹ́ kó rí, àti ẹ̀yìn ìrù ẹ̀ tààrà. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń tọ́jú ẹṣin fi máa ń pariwo mọ́ ọmọdé pé kó kúrò lẹ́yìn ẹṣin, kì í ṣe pé ẹṣin burú, ó gbọ́ ìró nǹkan níbi tí kò ti ríran ni, ìgalà kì í sì í dúró béèrè ta nìyẹn. Àwa wá ńkọ́? Ojú tiwa wà níwájú bíi ti ẹkùn, a sì máa ń rìn tààrà lọ bá ohun tá a bá ń wò, ọwọ́ á nà síwájú. Lójú ẹṣin, bí ẹkùn ṣe ń rìn nìyẹn gan-an.

Torí náà ẹ̀kọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ́ ọ̀rẹ́ mi ni bó ṣe máa rìn dé ọ̀dọ̀ ẹṣin. Ó rò pé mò ń ṣeré. Mo ní má lọ tààrà, ya díẹ̀, gba apá èjìká ẹ̀, má tẹjú mọ́ ọn, dẹ ara ẹ sílẹ̀, bó bá gbé orí sókè tó dá etí sọ́dọ̀ ẹ, dúró síbẹ̀, bó bá sì rọ orí sílẹ̀ padà, yí ẹ̀yìn kó o rìn kúrò ní ẹsẹ̀ méjì. Ó ní ṣé kí n padà sẹ́yìn ni nígbà tí mo ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tó yí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kẹta, Jagun, bí mo ṣe ń pe ẹṣin mi nìyẹn, fúnra ẹ̀ rìn wá bá a, ó sì gbé imú lé e léjìká. Ọ̀rẹ́ mi ò lè mira. Ó ní "oògùn ni jàre." Mo ní oògùn kọ́, o tì í nígbà tó ò ń bọ̀, o sì jọ̀wọ́ ẹ̀ nígbà tó o kúrò, ìyẹn nìkan ló ṣẹlẹ̀.

Torí títì kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Ojú tó o fi ń wò ó, títì ni. Àyà tó o gbé sókè, títì ni. Ẹ ti rí i bí eṣinṣin bá bà lé ẹṣin, awọ ibẹ̀ nìkan ló máa gbọ̀n, ìyókù ara ẹ̀ ò ní mira? Ẹran tó mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ eṣinṣin lára, kí ló fẹ́ fi kòbókò ṣe? Ẹṣin kan wà ní Berlin ní Jámánì ní nǹkan bí i 1904 tí wọ́n ń pè ní Hans, olówó ẹ̀ ń bi í ní ìṣirò, méjì àti mẹ́ta jẹ́ mélòó, ẹṣin á fi pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, á sì dúró. Gbogbo ìlú ní ẹṣin yìí mọ̀wé. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Oskar Pfungst wá dán an wò dáadáa, àbájáde ẹ̀ jáde ní 1907, ó rí i pé bí ẹni tó bi í ní ìbéèrè náà ò bá mọ ìdáhùn, Hans náà ò ní mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí iye náà bá ti pé, orí ẹni tó ń béèrè á mira díẹ̀, ó kéré débi pé òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé òun ṣe é, Hans á rí i, á sì dúró. Àwọn èèyàn ní ìtìjú ló jẹ́, pé ẹṣin ò mọ ìṣirò. Èmi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀ o. Ẹran tó lè rí ohun tí ara ẹ ṣe tí ìwọ fúnra ẹ ò mọ̀ pé o ṣe, ìyẹn ga ju ìṣirò lọ lójú tèmi.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó ṣòro.

Ẹni tó bá ti fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Bó o ṣe ń fà á síwájú ló ń ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń fà sẹ́yìn, ó lè fún ara ẹ̀ lọ́rùn kó tó tẹ̀ lé ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹṣin, bó o bá tì í ó máa ti ìwọ náà padà, bó o bá fà á ó máa fà ẹ́, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, kì í ṣe agídí. Ewúrẹ́ o lè borí, ẹṣin tó wúwo ju ẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin o ò lè borí ẹ̀ láé. Nítorí náà ohun tó o fẹ́ kọ́ ọ ni pé bó bá ti gbọ́ títì, kó jọ̀wọ́ ara ẹ̀, kó má ta kò ó. Báwo lo ṣe máa kọ́ ọ? O máa fi ìka kan kàn án ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ní ìwọ̀n tó jẹ́ pé irun nìkan lo kàn. O dúró díẹ̀. Kò mira, o kàn án dé awọ. Kò mira, o tẹ̀ ẹ́ dé ẹran. Kò mira síbẹ̀, o tẹ̀ ẹ́ dé egungun, o sì dúró síbẹ̀, o ò bínú, o ò pariwo, o ò sì kúrò. Irun, awọ, ẹran, egungun. Bó bá wá gbé ẹsẹ̀ kan báyìí, kódà kó jẹ́ pé ó kàn gbé ìwúwo ara ẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ yẹn sí òmíràn ni, kíá lo máa mú ọwọ́ kúrò pátápátá, kíá, bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ìgbà yẹn ló kọ́ ẹ̀kọ́. Kò kọ́ nǹkan kan nígbà tó ò ń tẹ̀ ẹ́, inú ń bí i ni tàbí ó ń wá ọ̀nà. Ìgbà tí ọwọ́ kúrò ló sọ nínú ara ẹ̀ pé ohun tí mo ṣe gbẹ̀yìn yìí ló lé ọwọ́ yẹn lọ, èmi á tún ṣe é. Tó o bá ṣe é bí i mẹ́wàá, wàá rí i pé o ò ní dé ẹran mọ́, irun nìkan ti tó, tó bá yá wíwò lásán á tó. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi rí nínú fídíò nìyẹn, ẹṣin tí wọ́n ti bá dé ibi wíwò lásán. Wọn ò fi gbogbo ọjọ́ tí wọ́n lò níbi egungun hàn án.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fún ọ̀rẹ́ mi ní okùn, ohun tó ṣe nìyí, mo sì ń sọ ọ́ torí pé gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe é. Mo ní kó mú Jagun padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, kó mi okùn náà díẹ̀díẹ̀, okùn bí i ẹsẹ̀ bàtà 12 ni. Ó mì í, ẹṣin gbé orí sókè. Ó mì í sí i, ẹṣin fi ẹsẹ̀ kan padà sẹ́yìn, dáadáa gan-an, ọ̀rẹ́ mi ò dúró, ó ṣì ń mì í torí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo sọ, òun ò sì tíì rí mẹ́ta. Ẹṣin ò mọ ohun tí wọ́n tún fẹ́ mọ́, ó ti ṣe é wọn ò gbà, ó gbìyànjú apá òsì, ó gbìyànjú apá ọ̀tún, ó wá gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rù ba ọ̀rẹ́ mi, ó ju okùn sílẹ̀. Ẹ rí i ná, ìgbà wo ló jọ̀wọ́ okùn? Ìgbà tí ẹṣin gbé ẹsẹ̀ sókè. Nítorí náà kí ló kọ́ ẹṣin? Ó kọ́ ọ pé bí wọ́n bá mi okùn mọ́ ẹ, gbé ẹsẹ̀ sókè, ó máa tán. Odidi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo fi tún ìyẹn ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹṣin tí wọ́n ń pè ní ẹṣin burúkú ṣe dé ibi tí wọ́n wà. Ẹnì kan ló kọ́ wọn láì mọ̀. Ẹṣin bù wọ́n jẹ wọ́n sá, ẹṣin kọ ìjánu wọ́n ní ká fi í sílẹ̀ lónìí. Ẹṣin náà ò ṣe ohun burúkú kankan lójú ara ẹ̀, ó ń ṣe ohun tí wọ́n sanwó fún un láti máa ṣe ni.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀rẹ́ mi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ó dà bí ìgbà tí ọmọ bá dáhùn ìbéèrè lóòótọ́ ní kíláàsì tí èmi ṣì ń pariwo mọ́ ọn." Ó yé e. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá mi okùn tí ẹṣin sì kàn fì sẹ́yìn báyìí, ó ti dẹ okùn, kò dúró de ẹsẹ̀ kankan. Lọ́jọ́ kẹrin Jagun ń padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá fún un, ó kàn ń gbé ìka kan sókè ni.

Ibì kan tún wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú, kódà àwọn tó kàwé. Àwọn onímọ̀ ìwà ẹranko ní orúkọ fún ohun tá à ń ṣe yìí, wọ́n ń pè é ní negative reinforcement, èèyàn á gbọ́ negative, á rò pé ohun burúkú ni, pé nínà ni wọ́n ń sọ. Nínà kọ́ o. Negative níbẹ̀ dà bí àmì ìyọkúrò nínú ìṣirò, ìyẹn ni pé o yọ ohun kan kúrò. Reinforcement ni pé ìwà náà á túbọ̀ máa wáyé. Aago inú mọ́tò tó ń dún tín-tín-tín títí wàá fi de bẹ́líìtì, bó o bá dè é ó dákẹ́, ìyẹn ló kọ́ ẹ láti máa dè é. Nínà ni pé ẹṣin ti ṣe nǹkan tán, o wá fi pàṣán lé e lórí kó má ṣe é mọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nínà ń sọ fún un pé má ṣe, kì í sọ ohun tó máa ṣe dípò ẹ̀ fún un, ẹran tó sì ń wá ibi tó máa sá gbà, tí gbogbo ọ̀nà ń ta á lára, á wá gba ara ẹ lọ. Fífún un ní koríko tàbí àgbàdo lẹ́yìn tó ṣe dáadáa náà ń ṣiṣẹ́, mi ò ta kò ó, mò ń ṣe é nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹṣin á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú àpò èèyàn kó tó kọ́ nǹkan míì.

Orúkọ natural horsemanship yìí ò tíì pẹ́, ní nǹkan bí ọdún 1980 sókè ló gbilẹ̀, Pat Parelli ará Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ṣáájú ẹ̀ àwọn dáràndáràn ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, Tom Dorrance, Bill ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àti Ray Hunt ti ń kọ́ àwọn èèyàn báyìí láì fún un lórúkọ. Ọgbọ́n náà fúnra ẹ̀ ti dàgbà gan-an. Xenophon, jagunjagun ará Gíríìkì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn pé ohun tí wọ́n bá fipá mú ẹṣin ṣe kì í yé ẹṣin, kì í sì í lẹ́wà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń na oníjó kó lè jó. Gbólóhùn yẹn, ó dà bí ẹni pé Yorùbá ló sọ ọ́, ṣebí àwa náà ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá pe ara ẹ̀ ní ẹni pẹ̀lẹ́ ló jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ o, ẹ fọkàn sí i. Ní 1858 ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Rarey tu ẹṣin lójú níwájú Ọbabìnrin Victoria ní ààfin Windsor nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ayé patẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ni pé ó máa fi okùn ká ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin kan sókè títí tó máa fi rẹ̀ ẹ́ tó máa dùbúlẹ̀. Ẹṣin tó dùbúlẹ̀ torí pé kò sí ohun tó tún lè ṣe mọ́, kò kọ́ ẹ̀kọ́, ó sọ̀rètí nù ni. Ní 1989 ará Amẹ́ríkà míì tó ń kọ́ ẹṣin, Monty Roberts, náà lọ sí Windsor níbẹ̀ níwájú Ọbabìnrin Elizabeth, tiẹ̀ dára ju ìyẹn lọ fíìfíì, kò di ẹsẹ̀ kankan, á jẹ́ kí ẹṣin máa sáré yípo nínú ọgbà róbótó, tí ẹṣin bá rọ orí sílẹ̀ tó yí etí sí i, á yí ẹ̀yìn sí i, ẹṣin á wá bá a. Mo fẹ́ràn ìyẹn, ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ ìyá ẹ̀ ni. Àmọ́ mi ò gba àlàyé táwọn kan ń ṣe lé e lórí, pé ẹṣin ti gbà pé ìwọ ni ọ̀gá agbo. Ẹṣin mọ̀ pé èèyàn kì í ṣe ẹṣin. Sísá yípo ń rẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ ló ti rí ìsinmi, ó wá síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni jíjẹ ẹnu lásán àti lílá ètè tí ẹṣin máa ń ṣe, wọ́n ní ìtẹríba ni. Ara tó le tẹ́lẹ̀ ló ń rọ̀ padà, itọ́ ń padà sẹ́nu ẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń mí kanlẹ̀ tí ìbẹ̀rù bá kọjá. Bó o bá rí i, dúró kó parí ẹ̀, ṣùgbọ́n tún bi ara ẹ léèrè ohun tó o ṣe tí ara ẹ̀ fi le tẹ́lẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, ẹṣin ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, ohun tá a sì mọ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ohun rere. Nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà ló ń wá kó èèyàn lẹ́rú káàkiri ilẹ̀ Okun, ìdí tí ọ̀pọ̀ ìlú fi gun orí òkè àti àpáta lọ nìyẹn, torí ẹṣin ò lè sáré gun àpáta, ìkónilẹ́rú yẹn ò sì dáwọ́ dúró títí oṣù Kìíní ọdún 1897 tí àwọn Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi gba Kàbà tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà. Ìyá mi àgbà ò fẹ́ rí ẹṣin sójú títí tó fi kú. Ọjọ́ tí mo mú Jagun dé, ìyá arúgbó kan ládùúgbò ń kó àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ wọlé. Mi ò bá a wí. Ẹṣin tí wọ́n gbọ́ ìtàn ẹ̀, ẹni tó wà lórí ẹ̀ mú kòbókò dání, ó wọ kẹ́sẹ́, ìjánu irin sì ń ya ẹṣin náà lẹ́nu, ìbẹ̀rù ló ń lé ẹṣin, ẹṣin sì ń lé èèyàn. Ó wù mí kí àwọn ọmọ yẹn rí ẹṣin tí kò sí ìbẹ̀rù lára ẹ̀, ìdí tí mi ò fi gbà kí ọ̀rẹ́ mi kàn gòkè kó máa lọ nìyẹn.

Ó ku ti ìlù àti ìbọn. Ọjọ́ oyè, ìlù á wà, ariwo á wà, ọ̀kadà, agbòòrùn, bóyá wọ́n á yin ìbọn ṣakabùlà, Jagun ò sì gbọ́ irú ẹ̀ rí níbi kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi ní ká mú un lọ síbi ìlù kó mọ́ ọn lára. Mo ní rárá. Ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ tí wọ́n jù sínú odò, bó bá yè é kò ní fẹ́ràn omi. Ohun tá a ṣe ni pé mo ní kí ọmọ àbúrò mi máa lu gángan níbi tó jìn, bí i ìgbésẹ̀ 60, Jagun gbé orí sókè, etí ẹ̀ méjèèjì lọ síbẹ̀, a ò ṣe nǹkan kan, ìlù ń lọ, nígbà tó rọ orí sílẹ̀ tó fẹ́ jẹ koríko, mo juwọ́ kí ìlù dákẹ́. Ìlù dákẹ́ nígbà tí ara ẹ̀ rọ̀, kì í ṣe nígbà tó ń jà. Ọ̀nà kan náà nìyẹn, títì àti jíjọ̀wọ́, ìlù ló kàn rọ́pò ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ìgbésẹ̀ 50, lẹ́yìn ìyẹn 40, tó bá le a padà sẹ́yìn. Ohun tó wá ya ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu ni pé nígbà tá a ti ṣe é tán tí ìlù wà lápá òsì ẹ̀, tá a yí ẹṣin tí ìlù bọ́ sí apá ọ̀tún, ó fò bí ẹni pé kò gbọ́ ìlù rí. Ẹṣin máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó o bá kọ́ ọ lápá kan, ṣe bí ẹni pé o ò tíì kọ́ ọ lápá kejì, àti gàárì, àti okùn, àti agbòòrùn, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí n má gbàgbé, gbogbo àlàyé yìí ò wúlò bí ara bá ń dun ẹṣin. Kó o tó sọ pé ó ń ṣagídí, gbé gàárì kúrò kó o fọwọ́ ra ẹ̀yìn ẹ̀ wò bóyá egbò wà lábẹ́ ẹ̀, wo ẹnu ẹ̀, wo abẹ́ pátákò ẹ̀ bóyá òkúta há síbẹ̀. Bàbá Hausa tó ń bá mi tọ́jú Jagun, tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹṣin kí wọ́n tó bí mi, àwọn ló kọ́ mi ní ìyẹn, wọn kì í gbé gàárì lé ẹṣin láì fọwọ́ ra á látòkè délẹ̀ tán. Àti omi, ẹṣin lè mu lítà 20 dé 40 lóòjọ́, ní ọyẹ́ pàápàá ó lè gbàgbé mímu omi tó bá tutù jù, inú rírun sì lè pa á. Eṣinṣin tsetse tó ń kó àìsàn ran ẹran náà ńkọ́, òun ló jẹ́ kí ẹṣin má lè pẹ́ láyé nílẹ̀ igbó láti ìgbà láéláé, bó bá rù tó sì ń rẹ̀ ẹ́, dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe ẹni tó mọ ẹṣin tù.

Ohun méjì tí mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré lọ́dọ̀ mi: má ká okùn mọ́ ọwọ́, ṣẹ́ ẹ pọ̀ kó o dì í mú, torí bí ẹṣin bá fò okùn tó ká mọ́ ọwọ́ á gbé ọwọ́ náà lọ, mo ti rí i. Má sì wọ sílípáàsì wá síbi ẹṣin. Ọ̀rẹ́ mi wọ sílípáàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dá a padà lọ wọ bàtà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta la wà báyìí. Lánàá, ìlù wà ní ìgbésẹ̀ 15, okùn dẹ̀ títí tó fi ń kan ilẹ̀ láàárín òun àti ẹṣin, Jagun ń jẹ koríko, ọ̀rẹ́ mi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Mo gbé gàárì wá. Ó wò mí, ó wo ẹṣin, ó ní, "Jẹ́ kó jẹun tán ná."